Òfin Ìṣẹ́jú Kan ti Rre Kgosietsile

Àwọn èèyàn kan wà tí ohùn ara wọn máa ń dùn mọ́ wọn létí bí oyin. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Bóyá ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ni ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, mi ò ní bi yín. Tiwa ní Mmamotlhaba, ní Botswana níbí, ń jẹ́ Rre, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, Kgosietsile, orúkọ tó túmọ̀ sí "Ọba ti dé". Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ọmọ tí wọ́n ti ń kí báyẹn látìgbà tó ti wà nínú aṣọ ìpọ̀nmọ, kí lẹ fẹ́ kó dà tó bá dàgbà?

Òun ni ọ̀gá àgbà ètò ìlera ní agbègbè wa. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní kìlíníìkì, a máa ń kọ orin kan, a máa ń gbàdúrà kan, ó parí. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Rre Kgosietsile ti dé, àdúrà di ìwàásù, ìwàásù sì di ìtàn ìgbésí ayé Rre Kgosietsile. A ó gbọ́ bó ṣe rìn lọ sílé ìwé láìwọ bàtà. A ó gbọ́ bó ṣe kù díẹ̀ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. A ó gbọ́ ohun tí ì bá sọ fún Ààrẹ, bí Ààrẹ bá lè rántí bi í. Àwọn aláìsàn á wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wúkọ́. Bí ikọ́ náà bá pọ̀ jù, Modiri, igbákejì rẹ̀, á yíjú sí wọn.

"Ẹ rọra máa wúkọ́ ńbẹ̀ yẹn! Ẹ ò rí i pé Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ ni?"

Modiri yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bọ́ lọ́kàn mi, kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó gbà fún Ọ̀gá lọ. Bí Ọ̀gá bá sín, á ní, "Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, Rra." Bí Ọ̀gá bá dákẹ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n, á mi orí tìyanu-tìyanu, á ní ìdákẹ́ yẹn jinlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìwàásù àárọ̀ gùn títí oòrùn fi gun orí òrùlé. Nígbà tí Ọ̀gá ṣe "Àmín", àwọn aláìsàn ti tò dé ẹnu géètì. Ẹlòmíràn ì bá ronú pé, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀ jù. Rre Kgosietsile wo èrò náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì rí ohun tó fà á kedere: àwọn aláìsàn ló ń sọ̀rọ̀ jù!

"Ẹ wá ń ròyìn!" ó pariwo. "Ẹ dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá ìyá yín! Ó parí lónìí. Láti òní lọ, olúkúlùkù yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ọmọ, kò sí ọkọ, kò sí aládùúgbò tí yóò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè sọ àìsàn rẹ̀, kò ní àìsàn. Àìsàn tí kò lẹ́nu kì í ṣe àìsàn!"

Modiri pàtẹ́wọ́ débi pé fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá gbà mí o. Ta ló ń lọ sí kìlíníìkì ní Mmamotlhaba? Àwọn ọ̀dọ́ wa wà ní Gaborone, olú ìlú wa, àwọn yòókù wà níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ǹdì. Àwọn arúgbó ló kù sílé. Èyí tí etí rẹ̀ ti di, èyí tí rọpárọsẹ̀ ti mú ahọ́n rẹ̀ wúwo, èyí tó jẹ́ pé kó tó rántí orúkọ ibi tó ń dùn ún, ìdajì ọjọ́ ti lọ. Àwọn wọ̀nyí ni Ọ̀gá fún ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wo Rre Phetogo. Ó ṣiṣẹ́ nínú kòtò góòlù nígbà èwe rẹ̀, ìbúgbàù ibẹ̀ sì gbé etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n tún un pè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ilẹ̀kùn, ó ń retí kí ẹnì kan wá fọwọ́ tọ́ òun. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn lójú. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kà á sí? Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá kó tó kàn án.

Báyìí ni ara àwọn arúgbó wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Kí ìgbà òtútù tó parí, kò sí agbègbè kankan ní gbogbo Botswana tí arúgbó rẹ̀ le bíi tiwa. A ń sin wọ́n o, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ara líle ni wọ́n fi ń lọ.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Mma-Seipone. Nígbà ayé ẹnu rẹ̀, òun ló ń léwájú orin níbi ìgbéyàwó, bó bá sì bú èèyàn, èébú náà á ṣáájú onítọ̀hún délé. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé: "Bẹ́ẹ̀ ni." Bó bá fẹ́ iyọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí kò bá fẹ́ iyọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni." Orí rẹ̀ pé o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, pàápàá èyí tí ẹ ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló dí. Seipone ọmọ rẹ̀ nìkan ló ti kọ́ bó ṣe lè ka ojú rẹ̀, kó ka ìpéǹpéjú, kó ka ọwọ́ òsì, kó sì mọ ohun tí ìyá òun ń wí.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà tún wà lára ìyá yìí. Nígbà tí ẹ̀gún gún un lábẹ́ ẹsẹ̀, ọgbẹ́ náà kọ̀ kò jinná, ó ń jẹ wọ inú. Ẹ̀rù ba Seipone gan-an. Aládùúgbò wọn kan ti ní irú rẹ̀ rí, wọ́n gé ẹsẹ̀ onítọ̀hún dé orúnkún, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n sin ín. Ló bá gbé ìyá rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó di kìlíníìkì.

Ọjọ́ náà ni Rre Kgosietsile ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí òfin òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó sí ààyè nọ́ọ̀sì.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi Seipone.

"Ọmọ wọn ni mí, Rra. Ẹsẹ̀ màmá mi ló..."

"Ṣé ìwọ lò ń ṣàìsàn?"

"Rárá, Rra, àmọ́ wọn ò lè..."

"Modiri! Mú un jáde fún mi."

Ó ku ìyá àti Ọ̀gá. Ọ̀gá gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Dumela, Mma," ó kí i. "Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ìtọ́jú wa tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" ìyá àgbà lọgun, omijé dà lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá itan ara rẹ̀, ó ń nà án sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀gá kò rí ìsàlẹ̀. Aago ló ń wò.

"Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé!" inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ìyàwó tuntun. "Modiri, ṣó o rí irú aláìsàn tí mò ń wá? Kò jiyàn, kò ròyìn. Ó ń sunkún ayọ̀!"

"Mo rí i, Rra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa tó èmi."

Wọ́n fún ìyá náà ní oògùn tó ń jẹ́ kí èèyàn jẹun, wọ́n ní kó máa lọ. Seipone pàdé Ọ̀gá níbi géètì, ó kúnlẹ̀.

"Rra, mo bẹ̀ yín. Kò sí ohun tí màmá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ ni dáhùn. Ẹ padà lọ bi wọ́n bóyá màlúù ni wọ́n, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí."

"Háà! Kí n pe ìyá ẹ ní màlúù? Ìwọ ọmọ yìí, o ò tiẹ̀ lójútì. Ìyá tó bí ẹ!"

Ó sì kọjá lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́ nítorí ìwà àwọn ọmọ òde òní.

Seipone tún gbé ìyá rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà kan àti ìgbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún un: ara màmá yá, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọsibítù ńlá kò sì ní gbà wọ́n àfi tí kìlíníìkì bá fi wọ́n ránṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ìka ẹsẹ̀ méjì dúdú, òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Seipone a máa bu omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lálaalẹ́, a sì máa sunkún sínú bàsíà náà kí ìyá rẹ̀ má baà rí i.

Àárín ìyẹn ni òkìkí dé Gaborone. Wọ́n gbọ́ pé agbègbè kan wà tí arúgbó kì í ṣàìsàn. Mínísítà ètò ìlera fúnra rẹ̀ ní òun ń bọ̀ wá wò ó, bí ó bá sì rí bí wọ́n ṣe wí, Rre Kgosietsile ni yóò di ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọ̀gá kò sùn mọ́. Ọgbà kìlíníìkì kéré jù fún ògo rẹ̀, ó ní kgotla ló yẹ, ìyẹn ojúde tí Kgosi, ọba ìlú wa, ti ń pàdé ará ìlú. Ó lọ bá Kgosi Sediegeng, bàbá tí kì í la ẹnu bó bá lè fi orí dáhùn.

"Àyè wà," Kgosi wí. "Ṣùgbọ́n o mọ òfin ibẹ̀. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ ní kgotla, a kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu títí yóò fi jókòó. Olówó ni o, tálákà ni o."

"Àṣà àwọn baba wa, Kgosi! Èmi fúnra mi ni màá là á yé Mínísítà."

Ó fò fẹ̀rẹ̀ padà sílé. Lọ́kàn tirẹ̀, òun ni wọ́n ṣe òfin náà fún. Ta ló tún fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tí òun bá wà?

Ó ku ẹlẹ́rìí tí yóò jẹ́rìí sí iṣẹ́ rere náà. Ọ̀gá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó rán Modiri sí Mma-Seipone.

"Kó dìde, kó sọ bẹ́ẹ̀ ni, kó jókòó," Modiri ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ bo imú. "Ẹran á wà o."

"Ẹ ò tijú!" Seipone fi ìgbálẹ̀ hàn án. "Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí láti ẹ̀yìn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. Seipone yíjú wò ó, ó wo ojú náà dáadáa. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn àti ojú yẹn ti bára wọn mu gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọkùnrin gbé àga wọn dání láti ilé, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní, wọ́n fi aṣọ bo èjìká. Wọ́n ti ń se ẹran, wọ́n ń gún un di seswaa láti òwúrọ̀, òórùn rẹ̀ gba ìlú kan. Ọ̀gá ní òun kò lè jókòó sórí àga igi, ó ní kí wọ́n gbé àga òun wá láti ọ́fíìsì, èyí tó ní tìmùtìmù pupa tó sì ní táyà lẹ́sẹ̀. Táyà rì sínú iyanrìn. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé bí ẹni gbé òkú.

Ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, Kgosi wa, àti ẹ̀yin ará ìlú mi tẹ́ ẹ lóríire láti bí mi láàárín yín! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé àṣà wa. Ní ojúde yìí, ọ̀rọ̀ lọba! Ẹni tó bá dìde tó ń sọ̀rọ̀, Ààrẹ gan-an kò gbọdọ̀ dá a dúró. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní dá èmi náà dúró."

A kò sì dá a dúró. Ó gbé wa kọjá ilé ìwé aláìwọ bàtà, ó gbé wa dé etí Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé wa padà. Ẹran tutù. Ọmọ ọwọ́ sùn, ó jí, ó tún sùn. Mínísítà ń fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ó kan àwọn arúgbó, Ọ̀gá gbóhùn sókè pé òun ti mú àìsàn kúrò lára wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàn.

Seipone gbé ìyá rẹ̀ dìde.

"Mma, níwájú gbogbo ayé, ṣé ara yín yá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Àtẹ́wọ́ ya lulẹ̀. Modiri na ọwọ́ kó fà á jókòó. Mma-Seipone já ara rẹ̀ gbà. Ó gbára lé ọmọ rẹ̀, ó rìn gátagàta lọ síbi àga pupa, èyí tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé nígbà tí oníǹkan ń sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí tìmùtìmù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ọwọ́ kan ló fi ń tú u. Ó ń pẹ́.

"Ó ti tó, Mma, ẹ ṣé..." Rre Kgosietsile bẹ̀rẹ̀.

Kgosi gbé ọwọ́ sókè. "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

"Kgosi, kò sọ nǹkan kan!"

"Ṣé ó ti jókòó?"

"Kò tíì jókòó, àmọ́..."

"Màlúù kan," Kgosi wí. Owó ìtanràn ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà nìyẹn, láti ayé baba ńlá wa.

"Kgosi, ìṣẹ́jú kan péré ni mo..."

"Màlúù méjì."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá pa ẹnu dé, ó sì dà bíi pé ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú nígbà tí aṣọ tú tán. Àwọn tó wà níwájú fi ọwọ́ bo imú. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde wò, wọ́n sì rọra tún jókòó. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Mma-Seipone na ìka sí ọgbẹ́ náà. Ó nà án sí aago ọwọ́ Ọ̀gá. Ó nà án sí ẹnu ara rẹ̀, ó wá nà án sí ọmọ rẹ̀, tí wọ́n lé síta. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Mínísítà, ó mi orí rẹ̀ tagbáratagbára, rárá, rárá, ẹnu rẹ̀ sì ń wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" Ẹnu ń wí tirẹ̀, orí ń wí tirẹ̀, ọmọ kékeré tó wà níbẹ̀ sì mọ èwo ló jẹ́ òótọ́. Àánú rẹ̀ gbá gbogbo wa láyà mú. Ojú tún tì wá, nítorí a ti ń rí i lórí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn tipẹ́, a sì ń kí i pé ó mà kú ìrìn.

Ó jókòó.

"Rre Kgosietsile," Mínísítà wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àárọ̀, "ṣé ẹni tí ẹ ní ara rẹ̀ yá nìyí?"

"Mínísítà, bí a bá gbé ara yíyá yẹ̀ wò láti ìhà méjèèjì, tí a sì fi ojú ìdàgbàsókè..."

"Wọ́n ní ṣé òun ni," Kgosi wí.

Ọ̀gá wo Modiri pé kó gba òun. Modiri ti sún lọ sí ẹ̀yìn àga Mínísítà, ó ń sọ sí àwọn ará Gaborone létí pé, "Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ o. Wọn kì í gbọ́ tèmi níbí."

Mínísítà ní kí wọ́n gbé ìyá àti ọmọ sínú mọ́tò òun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n máa sáré lọ sí ọsibítù ńlá. Òun fúnra rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé wọn, nítorí Rre Phetogo ti dìde. Kò gbọ́ ìkankan nínú gbogbo ohun tí a ti ń wí, ṣùgbọ́n ó rí ẹsẹ̀ náà, ó sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa àyà rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó fi ohùn ńlá sọ ọ́ bí àwọn adití ṣe ń sọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan tó ń kólòlò dìde, òun náà sọ tirẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá kan tó máa ń gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé, tí ó sì ń padà lọ mú un. Rre Kgosietsile wà lórí ìdúró, nítorí àga rẹ̀ kò ṣeé jókòó lé mọ́, ó sì gbọ́ ọ títí oòrùn fi wọ̀. Kò ní màlúù kẹta.

Kí oṣù náà tó parí, òfin ìṣẹ́jú kan ti kú, wọ́n sì ti gbé Ọ̀gá lọ sí etí aṣálẹ̀ Kgalagadi lọ́hùn-ún, níbi tí ògòǹgò ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Wọ́n ní ó ṣì ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Àwọn ẹyẹ náà máa ń na ọrùn wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe òun lè jẹ́ kó ṣe é. Èmi kò tíì débẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà wo ẹsẹ̀ náà pẹ́ títí. Ó ní ọgbẹ́ náà ti jinlẹ̀, ó sì yẹ kí aláìsàn fọwọ́ sí i kí òun tó gé ohunkóhun.

"Mma, ṣé kí n gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Seipone la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé, nítorí ó ti mọ́ ọn lára pé wọ́n á lé òun síta. Dókítà rí i. "Jókòó, ọmọ mi," ó wí. "Kí lo fẹ́ sọ?" Seipone sọ ọ́. Dókítà tún yíjú sí ìyá.

"Mma, ṣé kí n má gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà gan-an, ó ti bíírò bọ ọwọ́ òsì ìyá àgbà. Àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n dúró. Mma-Seipone wo ẹsẹ̀ tó fi jó níbi ìgbéyàwó gbogbo ìlú, ó wò ó, ó wò ó. Ó wá na ọwọ́ síwájú, ó fi bíírò fa ìlà sí ìdí ìka méjì tó ti dúdú. Dókítà fi ìka tirẹ̀ kan ọrùn ẹsẹ̀, ó ń fojú bi í bóyá kí òun dé ibẹ̀.

Ìyá àgbà gbá ọwọ́ náà dànù, pàà!

"Mo gbọ́ yín, Mma," dókítà wí.

Nígbà tí wọ́n gé e, ibi ìlà náà ni wọ́n dúró sí.